Àpò Ìwé Kẹrin

Àpò ìwé mẹ́rin ló wọ yàrá oúnjẹ náà lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Nígbà tí wọ́n máa fi kó abọ́ tán, mẹ́ta péré ni ojú rí. Ìkẹrin ti di àwátì, wọ́n sì ti tìtorí rẹ̀ já báàjì orúkọ kúrò láyà ọmọbìnrin kan.

Orí ọ̀kadà ni Àpèkẹ́ Láoyè wà nígbà tí fóònù rẹ̀ dún. Ó gbé ike ìgbín kan lé itan, ó ń ti Ìrókò bọ̀ wá sọ́dọ̀ oníbàárà rẹ̀ kan ní Ajibode.

"Ìyá Sípẹ́tọ̀, ẹ dákun, ẹ yà sọ́dọ̀ mi," ni Khàlíl ń wí. "Olè ti jà níléèwé mi. Obìnrin tó wá ṣe ìdánwò fún àwọn ọmọ sì ní òun ò ní dúró kọjá aago mẹ́rin."

"Ṣé oúnjẹ ṣẹ́kù?"

"Ẹ̀n, mà?"

"Mo ní ṣé oúnjẹ ṣẹ́kù níbẹ̀. Ẹnu mi ò tíì kan nǹkan láti àárọ̀."

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Àpèkẹ́ fi ṣe ọlọ́pàá, èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀ ló sì fi ṣe ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́. Ó ti fẹ̀yìn tì báyìí, ìgbín ló ń sìn. Ó ní ìgbín sàn ju olè lọ, nítorí pé ìgbín kì í purọ́, bó bá sì sá, ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í yá. Ṣùgbọ́n ta ló máa jẹ́ kó sinmi? Bí ewúrẹ́ bá sọnù láti Ìrókò dé Akínyẹlé, ilé Ìyá Sípẹ́tọ̀ ni wọ́n ń gbà lọ kí wọ́n tó dé àgọ́ ọlọ́pàá.

Iléèwé Khàlíl wà nísàlẹ̀ ilé alájà kan tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ń gbé òkè rẹ̀. Ọdún méjìdínlógún ni Khàlíl fi ṣe agbáwo nínú àwọn ọkọ̀ òkun ńláńlá tó ń gbé àwọn èèyàn gbafẹ́ káàkiri erékùṣù. Nígbà tó padà wálé, ó ń fi iṣẹ́ náà kọ́ àwọn ọ̀dọ́ tó jáde ìwé tí wọn kò ríṣẹ́. Ó sọ yàrá iwájú di irú ilé oúnjẹ àkànṣe tó máa ń wà nínú ọkọ̀ wọ̀nyẹn, ibi tí èrò ọkọ̀ ti ń san owó lọ́tọ̀ kó tó wọlé jẹun. Aṣọ funfun wà lórí tábìlì, fọ́ọ̀kì mẹ́ta-mẹ́ta sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́ kan ṣoṣo. Àpèkẹ́ wo àwọn fọ́ọ̀kì náà, ó mirí, ó sì gbé ìgbín rẹ̀ kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

Ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ nínú yàrá náà. Obìnrin kan tó wọ kóòtù dúdú dúró lójú fèrèsé, ó ń wo aago ọwọ́ rẹ̀. Ọmọbìnrin kan jókòó sórí àga lẹ́bàá ògiri, ó ti sunkún débi pé ojú rẹ̀ wú. Ihò kékeré méjì ló wà láyà ṣẹ́ẹ̀tì funfun rẹ̀, níbi tí píìnì báàjì ti wọlé tẹ́lẹ̀.

"Olúwabùnmi nìyẹn," ni Khàlíl wí. "Ọmọ tó mọṣẹ́ jù nínú wọn ni, mà. Mo lè fi ọrùn mi dúró fún un."

"Fi ọrùn rẹ sílẹ̀ ná. Sọ bó ṣe rí."

Khàlíl sọ ọ́. Ìdánwò àṣekágbá ni wọ́n ṣe lọ́sàn-án yẹn. Wọ́n pe àgbàlagbà mẹ́rin ní agbègbè kí wọ́n wá ṣe bí èrò ọkọ̀. Obìnrin tó wọ kóòtù, Sharon lorúkọ rẹ̀, ló wá láti ilé iṣẹ́ tó ń gba òṣìṣẹ́ fún àwọn ọkọ̀ òkun. Òun ló fún àwọn àlejò náà ní àpò ìwé aláwọ̀ wúrà kọ̀ọ̀kan, dọ́là kan nínú ìkọ̀ọ̀kan, kó lè wo bí àwọn ọmọ yóò ṣe hùwà sí tíìpù, owó ọpẹ́ tí àlejò máa ń fún agbáwo.

"Kí lo sọ fún àwọn àlejò?"

"Mo ní nílé oúnjẹ àkànṣe, wọ́n ti ṣírò tíìpù mọ́ owó oúnjẹ, kò pọn dandan kéèyàn tún ṣe nǹkan kan. Ṣùgbọ́n bínú wọn bá dùn tí wọ́n ṣì fẹ́ dúpẹ́, kí wọ́n má na owó sí ọmọ lójú gbogbo èèyàn. Kí wọ́n fi í sílẹ̀ jẹ́jẹ́ níbi tí ẹni tó tọ́jú wọn á ti rí i."

"Àwọn ọmọ ńkọ́?"

"Wọn ò gbọdọ̀ nawọ́. Wọn ò gbọdọ̀ dúró gẹlẹtẹ bí ẹni tó ń retí nǹkan. Ohun tí wọ́n bá sì rí, inú àpótí àjọpín ni, torí ti gbogbo wọn ni, títí kan ẹni tó ń fọ abọ́."

Wọ́n rí àpò ìwé kìíní nínú fódà tí wọ́n fi gbé bíìlì wá. Wọ́n rí èkejì lábẹ́ ife omi. Ìkẹta wà lọ́wọ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Àdúràọlá, ẹni tó fi í sápò, tó sì ní wọ́n ti gba tíìpù mọ́ owó oúnjẹ, kí ni òun tún ń san án lẹ́ẹ̀mejì fún?

Àpèkẹ́ bú sẹ́rìn-ín. "Ọ̀jọ̀gbọ́n ò jẹ̀bi. Ìkẹrin ńkọ́?"

"Ti Bàbá Tolúlàṣẹ ni, mà."

Ẹ̀rín náà rọ̀ lẹ́nu Àpèkẹ́. Bàbá Tolúlàṣẹ ni ọ̀gá iléèwé tó kọ́ ọ níwèé ní Ìrókò. Díákónì ìjọ Onítẹ̀bọmi ni wọ́n, wọ́n sì ti lé lọ́gọ́rin ọdún dáadáa. Ọdún méjì ni Àpèkẹ́ gbé ilé wọn nígbà tó wà lọ́mọdé, òun ló ń pọnmi, òun ló ń gbé oúnjẹ fún wọn. Kò gbọ́ irọ́ lẹ́nu wọn rí. Bí Bàbá bá ní àwọn fún ẹnì kan ní nǹkan, wọ́n fún un ni.

"Bàbá náà dà?"

"A ti fi mọ́tò gbé wọn lọ sílé. Fóònù wọn ò lọ. Wọ́n máa ń pa á bí wọ́n bá fẹ́ sùn lọ́sàn-án. Mo rán ọlọ́kadà sí wọn, ṣùgbọ́n òjò àná ti ba ọ̀nà jẹ́."

"Aago mélòó ló lù?"

"Ó kù díẹ̀ kí aago mẹ́ta lù, mà."

*

Sharon kúnlẹ̀ díẹ̀ kí Àpèkẹ́, ó sì kí i dáadáa. Ìbàdàn ni wọ́n bí i sí, ṣùgbọ́n ìlú òyìnbó ló ti dàgbà. Yorùbá rẹ̀ kò burú, àfi pé ó ń rìn jẹ́jẹ́ bí ẹni tó wọ bàtà tuntun.

"Mo bi Bàbá níbi ilẹ̀kùn pé ṣé wọ́n ṣe tíìpù," ni Sharon wí. "Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n fún ọmọ tó gbé oúnjẹ wá."

"Ṣé bí wọ́n ṣe sọ ọ́ nìyẹn?"

"Bó ṣe yé mi nìyẹn, mà."

"Ẹ má bínú, àǹtí. Bó ṣe yé yín lẹ sọ yẹn. Kí ni Bàbá fi ẹnu ara wọn sọ?"

Sharon ronú. "Wọ́n ní àwọn ti rántí ọmọ tó gbé oúnjẹ wá. Wọ́n wá sọ nǹkan nípa ẹrù, pé àwọn ò ní gbé ẹrù àwọn délé fúnra àwọn. Mo rò pé wọ́n ń wá ẹni tó máa bá wọn gbẹ́rù dé mọ́tò, ṣùgbọ́n wọn ò gbé nǹkan kan lọ́wọ́ ju ọ̀pá ìtìlẹ̀ wọn lọ. Mo rò pé ọjọ́ orí ni."

"Bàbá yẹn ṣì ń ka sáàmù lórí láìwòwé."

"Ó dáa, mà. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ tèmi náà. Nínú ọkọ̀ òkun, bí agbáwo kan bá jẹ tíìpù tó jẹ́ ti gbogbo wọn, wọ́n á já a sílẹ̀ ní èbúté tó bá kọ́kọ́ yọjú. Èmi ni mo máa fọwọ́ síwèé rẹ̀. Bí a ò bá rí àpò ìwé yẹn kí n tó lọ, n ò lè kọ orúkọ Olúwabùnmi sílẹ̀."

Ọ̀rọ̀ náà le, ṣùgbọ́n Àpèkẹ́ kò rí ìkà nínú rẹ̀. Ó lọ jókòó ti ọmọbìnrin náà.

"Ìwọ lo gbà á?"

"Rárá, mà."

"O rí i?"

"Mo rí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ Bàbá nígbà tí mo gbé ẹran dé. Nígbà tí mo padà wá bi wọ́n bóyá oúnjẹ dùn, kò sí níbẹ̀ mọ́. Mo rò pé wọ́n ti fi sápò bíi ti Ọ̀jọ̀gbọ́n."

"O ò béèrè?"

"A kì í béèrè, mà! Ẹni tó bá béèrè tíìpù ti fìdí rẹmi."

"Nígbà tí o wá ń kó abọ́ wọn..."

"Èmi kọ́ ni mo ń kó abọ́, mà. Nílé oúnjẹ àkànṣe, ẹni tó ń gbé e wá kọ́ ló ń kó o lọ. Wándé ló kó o." Omi tún lé sójú rẹ̀. "Màmá, ẹ̀ẹ̀kẹta tí mo máa ṣe ìdánwò yìí nìyí. Tíṣà ni màmá mi ní Akínyẹlé, wọ́n ti ní kí gbogbo ìjọ máa gbàdúrà. Kí n fìdí rẹmi, mo lè fara dà á. Ṣùgbọ́n kí n padà sílé pé mo jalè..."

Àánú rẹ̀ ṣe Àpèkẹ́ gan-an. Ó ti rí ojú olè tó ń sunkún rí, ó sì ti rí ojú ẹni tí wọ́n parọ́ mọ́. Ẹni tó jalè máa ń wo ẹnu ọ̀nà. Ihò méjì tó wà láyà ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ni ọmọ yìí ń fi ìka tẹ̀.

"Dákẹ́ ẹkún. Kò tíì tó nǹkan tí à ń sunkún sí. Jẹ́ kí n lọ kí kíṣìnì."

*

Bí Àpèkẹ́ ṣe wọ kíṣìnì, ohun àkọ́kọ́ tó rí ni etí bébà aláwọ̀ wúrà kan tó yọ sókè nínú àpò épírọ́ọ̀nù alásè. Múyì ni alásè náà ń jẹ́, ọkùnrin gbàǹgbà tó ń fi ìbínú nu ìkòkò.

Khàlíl tó tẹ̀lé e rí i pẹ̀lú. Ó fò sókè. "Múyì! Ìwọ? Lẹ́yìn gbogbo oore tí mo ṣe fún ẹ!"

"Oore wo? Kí ni mo ṣe?"

"Yọ ohun tó wà lápò rẹ," ni Àpèkẹ́ wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Múyì yọ ọ́. Bébà bọ́tà ni, bọ́tà díẹ̀ ṣì lẹ̀ mọ́ inú rẹ̀. Ó ní òun fi pa mọ́ láti fi kun inú páànù ní àárọ̀ ọ̀la, àbí bọ́tà ti di ohun ìdànù ní ilẹ̀ yìí? Khàlíl bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ àforíjì. Múyì kọ̀, ó ní àfi kí wọ́n bẹ òun dáadáa.

"Ẹ máa bẹ ara yín lọ," ni Àpèkẹ́ wí. "Wándé dà?"

Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni Wándé wà, ọ̀dọ́mọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan. Ó gbé àpò ìgbáyà kan há abíyá bíi pé ẹnì kan fẹ́ já a gbà.

"Ìwọ lo kó abọ́ Bàbá Tolúlàṣẹ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"O rí àpò ìwé?"

"N ò rí i, mà. Mo fi Ọlọ́run búra."

"Kí lo ṣe pẹ̀lú ohun tó kù nínú abọ́?"

"Mo... mo dà á sí bọ́kẹ́ẹ̀tì, mà. Gbogbo àjẹkù, bọ́kẹ́ẹ̀tì ni."

Àpèkẹ́ ká ọwọ́ aṣọ rẹ̀ sókè. Ó fa bọ́kẹ́ẹ̀tì ìdọ̀tí náà sójú ìmọ́lẹ̀, ó sì fi igi omorogùn tú u títí dé ìsàlẹ̀. Ewé ló wà níbẹ̀, èèpo ọ̀dùnkún, eegun mẹ́ta tí wọ́n ti jẹ mọ́ tónítóní, àti búrẹ́dì tó ti rin. Kò sí àpò ìwé. Ó dìde, ó sì fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu iwájú orí.

"Múyì, báwo ni ẹran tí o fún Bàbá ṣe tóbi tó?"

"Ó tó àtẹ́lẹwọ́ mi yìí, mà. Ó sì nípọn. Bákan náà ni mo gé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin."

"Khàlíl, eyín mélòó ló kù lẹ́nu Bàbá Tolúlàṣẹ?"

Khàlíl wò ó bíi pé ooru ti mú un. "Ṣé kí n lọ kà á ni, mà?"

"Má lọ kà á, èmi mọ̀ ọ́n. Márùn-ún ni, ìkan ò sì dojú kọ ìkejì. Àlejò mẹ́ta jẹ ẹran tiwọn kan eegun, eegun wọn ló wà nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì yìí. Bàbá ò lè jẹ tiwọn tán láéláé. Ẹran wọn dà? Eegun rẹ̀ dà?"

Ó gbé omorogùn náà lélẹ̀.

"Ẹ̀yin ń wá ohun kan tó sọnù," ni Àpèkẹ́ wí. "Ohun méjì ló sọnù. Àpò ìwé àti ẹran. Inú abọ́ kan náà, lákòókò kan náà. Bí nǹkan méjì bá jọ kúrò nílé, ó yẹ ká kọ́kọ́ béèrè bóyá wọ́n jọ lọ ni."

Gbogbo ojú yí sí Wándé àti àpò ìgbáyà rẹ̀. Òógùn bò ó. Khàlíl ti na ọwọ́ láti já àpò náà gbà, ni Àpèkẹ́ bá di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Rọra. Bí o bá já a gbà báyìí, olè lo máa rí níbẹ̀, bó bá tilẹ̀ jẹ́ pé olè ò sí. Pe àǹtí yẹn wá fún mi."

*

Sharon wọ kíṣìnì, ó ń wo aago. Aago mẹ́ta ti kọjá ogún ìṣẹ́jú.

"Ẹ bá mi ronú lẹ́ẹ̀kan sí i," ni Àpèkẹ́ wí. "Ẹrù tí Bàbá ní àwọn ò ní gbé. Ṣé ẹrù ni wọ́n pè é lóòótọ́? Ẹ fi ohùn wọn sọ ọ́, bẹ́ẹ tilẹ̀ ṣì í."

Sharon di ojú. Ó ń mi ètè díẹ̀díẹ̀. "Wọ́n ní... 'Mo ti rántí ọmọ tó gbé oúnjẹ wá. Èmi ò ní ru...' Kì í ṣe ẹrù. Ru ni mo gbọ́, ni mo fi rò pé ẹrù ni. 'Èmi ò ní ru igbá mi délé.'" Ó lajú. "Igbá. Ṣùgbọ́n abọ́ funfun la fi gbé oúnjẹ fún wọn."

Àpèkẹ́ pàtẹ́wọ́, ó kígbe, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín títí ó fi di etí tábìlì mú. Múyì gan-an gbàgbé ìbínú rẹ̀, ó ń wò ó.

"Háà, Bàbá mi! Bàbá mi tòótọ́!" Ó nu ojú rẹ̀. "Àǹtí, òwe ni wọ́n pa fún yín. Àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn, òun ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Àgbà tó bá jẹun tán láìwẹ̀yìn wo ọmọ tó ń dúró tì í, kò ní rí ọmọ tó máa bá a gbé igbá lọ́jọ́ mìíràn. Torí ẹ̀ ni àgbà fi máa ń ṣẹ́ ẹran kù sínú abọ́ fún ọmọ tó máa kó o. Tíìpù tiwa nìyẹn, kí ọkọ̀ òkun tó dé!"

"Ẹ tumọ̀ sí pé..."

"Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi fún yín. Nígbà tí mo wà nílé Bàbá, èmi ni mo ń kó abọ́ wọn lálẹ́. Orí ẹja ni wọ́n máa ń ṣẹ́kù fún mi. Bí mo bá sì ṣe dáadáa níwèé lọ́sẹ̀ yẹn, màá gbé orí ẹja sókè, màá bá tọ́rọ́ kan lábẹ́ ẹ̀. Wọn ò ní sọ nǹkan kan. Èmi náà ò ní sọ nǹkan kan. Kò sẹ́lòmíì tó mọ̀ nínú ilé." Ó yíjú sí Khàlíl. "O wá sọ fún Bàbá yìí pé kí wọ́n má nawó síta, kí wọ́n fi í sílẹ̀ jẹ́jẹ́ níbi tí ẹni tó tọ́jú wọn á ti rí i. Ibo lo rò pé wọ́n máa fi í sí?"

Khàlíl fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Bàbá ò mọ̀ pé níbi tiyín, ọ̀tọ̀ lẹni tó ń gbé e wá, ọ̀tọ̀ lẹni tó ń kó o lọ. Lójú tiwọn, ọmọ kan náà ni." Ó wá rọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Wándé, ọmọ mi, ṣí àpò rẹ. Kò sẹ́ni tó máa fọwọ́ kàn ọ́."

Wándé ṣí i. Ó yọ ọ̀rá dúdú kan. Ẹran ńlá kan ló wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú eegun, ó há mọ́ bébà ìnuwọ́ tó ti rin fún ọbẹ̀.

"Ẹ ṣàánú mi, mà. Ọ̀gá ní gbogbo àjẹkù ni ká dànù, ẹni tó bá jẹ ẹ́ nínú ọkọ̀, wọ́n á lé e. Ṣùgbọ́n ẹran yẹn dára jù. Mo kàn dà á sínú ọ̀rá lápapọ̀ kí wọ́n tó rí mi."

"Ta lo fẹ́ gbé e lọ fún?"

Ó wolẹ̀. "Èmi fúnra mi ni mo fẹ́ jẹ ẹ́, mà."

"O káre. Òótọ́ ò ní jẹ́ kébi pa ọ́."

Àpèkẹ́ gbé ẹran náà sórí abọ́, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì tú bébà ìnuwọ́ tó wà lábẹ́ rẹ̀. Wọ́n ti ká a lẹ́ẹ̀mẹ́rin, igun rẹ̀ pé géérégé, bí ọ̀gá iléèwé ṣe máa ń ká lẹ́tà. Nínú rẹ̀ ni àpò ìwé aláwọ̀ wúrà náà wà. Wọn kò tíì ṣí i. Òróró ti kan etí rẹ̀ kan, ṣùgbọ́n ìwé tí Bàbá fi pẹ́ńsù kọ sí i lára ṣì hàn ketekete: *Fún ọmọ tó tọ́jú mi. O ṣeun.*

Khàlíl jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ kíṣìnì. "Alihamudulilai," ló ń wí, "alihamudulilai," kò sì rí nǹkan mìíràn sọ. Múyì gbá a léjìká, ó ní òun ti dárí jì í. Olúwabùnmi tó ti ń yọjú lẹ́nu ọ̀nà sáré wọlé, ó wo àpò ìwé náà, ó wo Àpèkẹ́, ó sì dojúbolẹ̀ lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹkún ló tún ń sun, ṣùgbọ́n ẹkún yìí yàtọ̀, ara gbogbo wọn sì fúyẹ́ tí wọ́n gbọ́ ọ.

Nígbà náà ni fóònù Khàlíl dún. Bàbá Tolúlàṣẹ ti jí.

"Ọlọ́kadà kan ń kanlẹ̀kùn mọ́ mi lórí," ni ohùn Bàbá wí. "Ó ní ẹ̀ ń wá mi. Ṣé kò sí o? Ṣé ọmọ yẹn rí ẹran mi?"

Àpèkẹ́ gba fóònù. "Bàbá, ó rí i. Ẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wá lónìí, sà."

"Ta nìyẹn? Àpèkẹ́? Kí ni ìwọ ń ṣe níbẹ̀? Ṣé o ti gbàgbé orí ẹja ni, tí o fi jẹ́ kí wọ́n máa wá owó kiri?"

"Mo gbàgbé fún bíi ogójì ìṣẹ́jú, sà. Ẹ má bínú."

*

Àwọn tó kù rò pé ọ̀rọ̀ ti tán. Àpèkẹ́ kò rò bẹ́ẹ̀, nítorí ó rí i pé Sharon kò tíì sọ̀rọ̀. Obìnrin náà dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì, ó ń wo ẹran tó wà lórí abọ́.

Olúwabùnmi gbé àpò ìwé náà, ó fi lọ Wándé. "Ìwọ lo kó abọ́. Tìẹ ni."

"Ìwọ ni Bàbá ní lọ́kàn," ni Wándé wí, ó sì ti ọwọ́ rẹ̀ padà.

Ni Olúwabùnmi bá rìn lọ sídìí àpótí àjọpín, ó sì jù ú sínú ihò rẹ̀. Kò wo ẹnikẹ́ni lójú kó tó ṣe é. Sharon rí i. Àpèkẹ́ náà rí i pé Sharon rí i.

"Wándé," ni Sharon wí níkẹyìn. "Nínú ọkọ̀, bọ́kẹ́ẹ̀tì ni gbogbo àjẹkù ń lọ. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, mà."

"Ó dáa. Ajibode la wà lónìí. Gbé ẹran rẹ." Ó tún aago rẹ̀ wò, ó sì mí kanlẹ̀. "Múyì, ṣé oúnjẹ ṣẹ́kù? Láti àárọ̀ ni mo ti ń kọ máàkì, n ò jẹ nǹkan kan."

"Ọ̀rọ̀ tí mo ti ń sọ láti orí ọ̀kadà nìyẹn!" ni Àpèkẹ́ wí.

Wọ́n tẹ́ tábìlì fún àwọn méjèèjì. Olúwabùnmi ló gbé oúnjẹ wá. Ojú rẹ̀ ń lọ sí àpò kóòtù Sharon, níbi tí báàjì tí wọ́n já láyà rẹ̀ wà. Kò béèrè. Ẹni tó bá béèrè ti fìdí rẹmi. Àpèkẹ́ fi fọ́ọ̀kì kan ṣoṣo jẹ tirẹ̀ látòkè délẹ̀, ó fi méjì yòókù sílẹ̀ fún ẹni tó bá mọ ìlò wọn. Sharon ń gé ẹran tirẹ̀ jẹ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó kù díẹ̀ kí aago mẹ́rin lù, ó fi bébà nu ẹnu, ó ṣe nǹkan díẹ̀ lórí abọ́ rẹ̀, ó sì dìde.

"Mà, ẹ ṣeun," ló wí fún Àpèkẹ́. "Ẹ bá mi kí Bàbá."

"Màá kí wọn. Máa lọ're, ọmọ mi."

Sharon ti gbé àpò rẹ̀ kọ́ èjìká, ó ti dé ẹnu ọ̀nà, kó tó yíjú padà. "Olúwabùnmi, wá kó abọ́ yìí. Ìwọ fúnra rẹ, kì í ṣe Wándé."

Mọ́tò rẹ̀ ti ń dún níta nígbà tí ọmọbìnrin náà dé ìdí tábìlì. Sharon kò sọ nǹkan kan nípa ìwé, kò sọ nǹkan kan nípa ìdánwò, ó sì ti lọ. Ojú Olúwabùnmi tún fẹ́ rọ. Ó na ọwọ́ sí abọ́ náà, ó sì dúró.

Àárín ẹran gan-an, ibi tó rọ̀ jù, ni Sharon kò fẹnu kàn. Ó gé e sọ́tọ̀ dáadáa sí àárín abọ́. Bébà ìnuwọ́ kan tí wọ́n ká lẹ́ẹ̀mẹ́rin yọ etí díẹ̀ lábẹ́ rẹ̀.

Àpèkẹ́ wo ibòmíràn. Ó ń wá ike ìgbín rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó mọ ibi tó gbé e sí. Lẹ́yìn rẹ̀, ó gbọ́ tí ọmọ náà gbé ẹran sókè, ó sì gbọ́ tí ó mí sínú. Nígbà tó máa fi yíjú padà, báàjì náà ti wà láyà ṣẹ́ẹ̀tì, píìnì rẹ̀ ti wọ inú ihò méjèèjì padà. Òróró ẹran ń kán lára orúkọ náà. Olúwabùnmi kò nù ún.